Balùwẹ̀ Màámi l'Ógbòmọ̀ṣọ́ àti tèmi ní Manchester

Lọ́jọ́ Sátidé àbúrò mi obìnrin fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, balùwẹ̀ onígíláàsì, táìlì dúdú tó ń dán láti ilẹ̀ dé òkè, ṣáwà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rọ̀ bí òjò. Ó ní, "Bọ̀dá mi, bí tiyín lọ́hùn-ún ṣe rí nìyí àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣe irú ẹ̀ fún Màámi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Tilé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: kànga, kòròbá, táńkì lórí òpó, tíná bá dé ká yáa fa omi.

Èmi ńkọ́? Báàfù ló wà nínú flat tí mo rà, orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n lè gbẹ́sẹ̀ wọ̀ ọ́ mọ́, mo wá fẹ́ yọ ọ́ kí n fi ṣáwà rọ́pò. Mo rò pé kí n ṣáà pe pùlọ́ńbà ni, àṣé ẹni tó nilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé náà lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí n mú àwòrán wá, mo mú un wá, wọ́n ní kí n sanwó ẹni tó máa yẹ àwòrán wò, mo san, oṣù méje gbáko! Wọ́n bi mí nípa ohun tí mo máa fi dí ilẹ̀ kómi má baà jò sórí ará ìsàlẹ̀, ìyẹn tọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tómi wà, ó kéré tán mítà 2.5, okùn ni wọ́n sì ń fà tan iná balùwẹ̀, ìyẹn náà dáa, ẹ̀mí ló ń dá sí. Ohun tó ká mi lára ni pé nínú oṣù méje yẹn mi ò fojú kan ẹnì kankan, orúkọ ọ̀tọ̀ ló ń wà lábẹ́ ímeèlì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ Tákíé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni, táìlà, ẹni tó ń lẹ táìlì, ò ní tíì po sìmẹ́ńtì tán tí ìyá àdúgbò á ti yà wọlé, "ẹ kú iṣẹ́ o," á tún sọ pé ilẹ̀ yín ò dà síhò. Ọjọ́ tí tèmi parí, èmi nìkan ni mo dúró wò ó.

Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n padà wálé nítorí ẹ̀. Omi gbígbóná ń yọ láàárọ̀, iná kì í lọ, orúnkún mi ń rí ìtọ́jú. Mi ò kábàámọ̀.

Ti Màámi, mo ti sọ fún àbúrò mi: ṣáwà inú fọ́tò yẹn ò ní ṣiṣẹ́. Omi gbọ́dọ̀ ga tó mítà 10 kí agbára ẹ̀ tó pé bar 1 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì), táńkì tiwa ò sì fi mítà 3 ga ju ibi tí ṣáwà máa wà, á kàn máa kán tótó ni, àfi tá a bá ra pọ́ọ̀mpù, tíná bá wá lọ ńkọ́? Táìlì dídán tọ́ṣẹ bá kàn án, eégún ìdí àgbàlagbà ló ń dá. Ẹ ra èyí tó rí hárahára, kí ilẹ̀ dà sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan síhò omi, ẹ má ṣe mọ ìdènà sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì kan irin ìdìmú mọ́ bíríkì gidi.

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n àpótí tí wọ́n ń jókòó wẹ̀ lé lórí ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Mo ti ní kí táìlà fàyè ẹ̀ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn.