Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí ọfà kí bọ́ọ̀lù tó wọlé

Ìṣẹ́jú àáyá 11 ló kù nínú eré bọ́ọ̀lù agbọ̀n tí mo ń darí. Ẹgbẹ́ búlúù fi àmì kan ṣíwájú ẹgbẹ́ pupa. Ọmọ méjì rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù lábẹ́ agbọ̀n, eléyìí ń fà á, tọ̀hún ń fà á. Mo fọn fèrè, mo na àtàǹpàkò méjèèjì sókè, mo wo ọfà tó wà lórí tábìlì àwọn tó ń kọ àmì. Bí ọmọ méjì bá dì bọ́ọ̀lù mú báyìí, ọfà yẹn ló ń sọ ẹgbẹ́ tó máa jù ú wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n á yí i sí ti ẹgbẹ́ kejì. Ọfà kọjú sí ibi tí pupa ń gbá lọ, mo nawọ́ síbẹ̀. Pupa ju bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n jù ú sáwọ̀n, aago dún. Kóòṣì búlúù ò pariwo. Ó kàn rìn wá bá mi, ó ní, “Ọ̀gá rẹfirí, ìgbà wo la lo ọfà tiwa?” Ẹnu mi wọhò, torí òótọ́ ló sọ.

Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọfà fún búlúù ní bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe gbé e lé ọmọ wọn lọ́wọ́ báyìí, ọmọ tó wà nídìí tábìlì ti yí ọfà. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, pupa ti ẹnìkan ṣubú. Fáùlì wọn ò tíì pé 5 ní kọ́tà yẹn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin eré, kò sí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́; búlúù tún jù ú wọlé. Ti fáùlì nìyẹn, kì í ṣe ti ọfà. Ọfà ṣì jẹ́ ti búlúù, kò sì sẹ́ni tó dá a padà.

Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ẹni tó wà nínú kọ́ọ̀tù ni ọfà ń yí. Bí ẹni tó ń jù ú bá tẹ ìlà tàbí tó dì í mú kọjá ìṣẹ́jú àáyá 5, wọ́n ti pàdánù rẹ̀, ẹ yí i. Fáùlì kì í gba ọfà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìhà yòówù kó ti wá.

Àwọn kan ní kí n dá eré padà. Òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n àgbáyé, ò gbà bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀lù ti kan ẹni inú kọ́ọ̀tù. Ọfà tó tẹ̀ lé e nìkan ló tọ́ sí búlúù, eré sì ti parí. Mi ò sì dá ọmọ tábìlì lẹ́bi. Èmi ni mo mú fèrè lọ́wọ́.

Ti ìbẹ̀rẹ̀ eré ò le. Ẹ ju bọ́ọ̀lù sókè gbọọrọ, kó ga ju ibi tí àwọn ọmọ méjì tó fẹ́ fò sí i, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lè fò dé. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án kó tó dé òkè pátápátá, kí wọ́n má sì gbá a mú. Bí ẹ bá jù ú wọ́, ẹ tún un jù. Ẹ má wo ẹni tó kọ́kọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ní in níkàáwọ́ ni kí ẹ wò, èkejì ló ni ọfà.

Bí ọmọ méjì bá dì í mú, ẹ wo ọwọ́ wọn kí ẹ tó fọn. Ọwọ́ tó kàn fara kàn án kò tó. Ó gbọ́dọ̀ mú un ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró títí ìgúnpá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Ní báyìí, rọ́bà tín-ín-rín wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá kọjú sí tábìlì, ọwọ́ tó wà ni ọfà kọjú sí. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ kejì lẹ́yìn ìdajì eré, torí wọ́n ti pààrọ̀ ìhà. Mo sì ti sọ fún tábìlì: àfi tí mo bá mi orí, ẹ má fọwọ́ kan ọfà.