Káàdì ènì tí kò ní jẹ èrè olóúnjẹ

Ènì là ń pè é tipẹ́. Káàdì ló kàn wọ̀ báyìí: bí oníbàárà bá ra abọ́ kan, o lu òǹtẹ̀ kan sí káàdì rẹ̀; bó bá kún, ó gba abọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá ń ta oúnjẹ, tí o fẹ́ kí ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn ìbéèrè, bá ọ ṣètò rẹ̀, má kàn ní kó "ṣe ètò oníbàárà." Yóò kó máàkì, ipò wúrà àti ipò fàdákà dé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní rántí nídìí ìkòkò ìrẹsì.

Sọ iye gan-an fún un: abọ́ kan ₦2,000, ó ń ná mi ní ₦1,500, oníbàárà ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹni tó ra 5 bá gba 1 lọ́fẹ̀ẹ́, èrè ₦2,500 di ₦1,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ 10, ₦5,000 á ku ₦3,500, káàdì á sì kún lọ́sẹ̀ 5. Èyí ló dáa jù. Ní kó kọ ìṣirò náà síta, kí o fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà míì, iye tí o ń tà á ló máa yọ dípò iye tó ná ọ. Bí gáàsì bá wọ́n sí i, tún un ṣírò.

Má kó nọ́ńbà fóònù oníbàárà sínú ChatGPT o. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kan ìwọ náà. Pè wọ́n ní A, B àti C.

Bó bá kọ Yorùbá sórí káàdì, wo àmì ohùn dáadáa. Ó lè sọ owó di òwò.

Òǹtẹ̀ nìkan ò tó, ẹnikẹ́ni lè gbẹ́ irú rẹ̀. Fọwọ́ sí i, kí o kọ déètì sí i lójú ẹsẹ̀.