Ṣé ìgbín ni ọ́ ni?

Òjò àná le díẹ̀, èyí tó rọ̀ dáadáa jù látìgbà tí ọyẹ́ ti lọ. Lálẹ́, èsúnsún bo gílóòbù ẹnu ọ̀nà wa, àwọn ọmọ sì ń fi abọ́ omi kó wọn. Màmá kàn wò wọ́n, wọ́n ní kí n wá bọ́ọ̀tù mi sítòsí.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi gba ọ̀nà oko kòkó lẹ́yìn òkè, níbí l'Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ìdí ọ̀gán kan ni wọ́n mú mi lọ tààrà. Olú ti hù síbẹ̀, orí wọn ṣe ṣóńṣó láàárín. Mo fẹ́ fà á tu, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Ṣóńṣó àdá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tán. Ó gùn wọlẹ̀ ju bó ṣe ga lókè lọ.

"Ṣó o rí gbòǹgbò yẹn? Ọ̀dọ̀ ikán ló ti ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni. Ikán fúnra rẹ̀ ló ń dáko rẹ̀ nínú ilẹ̀, lórí igi tó ti jẹ, kí olú lè bá a sọ ọ́ di oúnjẹ. Termitomyces ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìdílé olú yìí láti 1942. Mo sọ fún Màmá pé èyí tó wà ní Sáńbíà lè fẹ̀ tó mítà kan. Wọ́n ní, "Ìkòkò ta ni wọn ó fi sè é?"

Nígbà tí à ń bọ̀, mo rí òmíràn lórí koríko gbalasa lẹ́bàá ilé ìwé kan: ó funfun, ó tóbi, ó ní èépá àwọ̀ ilẹ̀ lórí, òrùka lọ́rùn. Ká sòótọ́, ó wù mí ju ti ìdí ọ̀gán lọ. Màmá ní kí n fi í sílẹ̀.

"Màmá, ìgbín ti jẹ ẹ́ lára, kò lè léwu."

"Ṣé ìgbín ni ọ́ ni?"

Síbẹ̀ mo fi ewé gbé e. Nílé, mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti ọ̀kan nínú ti ìdí ọ̀gán, mo da orí wọn dé orí ìwé funfun, mo fi abọ́ bò wọ́n. Nígbà tí mo ṣí wọn ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́búlẹ́bú tó jábọ́ lábẹ́ ti ìdí ọ̀gán pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí osùn tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti kejì dà bí ewé gígún tí wọ́n pò mọ́ eérú. Chlorophyllum molybdites nìyẹn. Láàárín wákàtí mélòó kan péré ló ń sọ èèyàn di ẹni tó ń bì tó tún ń yàgbẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bó bá ṣì kéré, abẹ́ rẹ̀ tó ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ojú ìwé máa ń funfun báláú, kò sí àwọ̀ ewé kankan tí yóò kìlọ̀ fún ọ.

Màmá ò bèèrè bí mo ṣe mọ̀. Iyán ti délẹ̀, olú ìdí ọ̀gán ti wà nínú ẹ̀gúsí. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wo abọ́, wọ́n ní kí n lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, abọ́ tí àwọn fi ń bu ọbẹ̀ ni mo mú.