Ọjọ́ Tó Ń Ṣàìsàn

Ẹ má bá mi kẹ́dùn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Kí ni mo fẹ́ fi wẹ́ẹ̀bù ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìdána? Ṣé WhatsApp ò tó ni? Rárá o, èmi ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà, mo ní ẹbí wa gbọ́dọ̀ ní péèjì tiwa, ká máa rí ẹni tó ń mú iṣu bọ̀ àti ẹni tó ń mú epo. Mo to gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì JSON, ìyẹn fáìlì lásán tí wọ́n ń to ìsọfúnni sí, mo ní kí péèjì máa kà á látibẹ̀: 28 December 2019, aago mẹ́wàá, ilé Bàbá ní Kabba. Lórí Android mi, nínú Chrome, ó ń dán gbinrin. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó, ó ní "ó dáa," kò gbójú sókè nínú ẹ̀fọ́ tó ń já.

Mo fi líǹkì ránṣẹ́, kò pẹ́ ni Bàbá pè. iPhone 6 ni tiwọn o, ọmọ wọn tó wà l'Ábújá ló fún wọn. Kò sí "ọkun o," kò sí "ilé ńkọ́."

"Ta ló ní ọjọ́ ìdána ń ṣàìsàn?"

Àṣé ibi tó yẹ kí ọjọ́ wà, "Invalid Date" ni fóònù wọn gbé síbẹ̀, ìyẹn ni pé fóònù ò lè ka ọjọ́ yẹn. Tíṣà àtijọ́ sì ni Bàbá, invalid tí wọ́n fi kọ́ àwọn nígbà yẹn, aláìsàn tí ò lè dìde ńlẹ̀ ni. Wọ́n láwọn ò ní fọmọ fọ́kọ lọ́jọ́ tó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ibi tí mo ti wá ya òmùgọ̀ gan-an rèé. Mo ní kí wọ́n gbé Chrome sórí iPhone yẹn. Bàbá ra dátà, wọ́n gun orí àpáta ẹ̀yìnkùlé lọ wá nẹ́tíwọ̀kì, arúgbó tí orúnkún ń dùn, nǹkan bíi wákàtí kan, Chrome wọlé, wọ́n ṣí i: Invalid Date. Mo gbàgbé pátápátá pé lórí iPhone nígbà yẹn, Safari (bíráúsà Apple fúnra rẹ̀) tó wọ agbádá míì ni Chrome, torí WebKit, ẹ́ńjìnnì inú Safari, ni Apple fi dandan mú gbogbo bíráúsà lò.

Bàbá ní, "Dókítà méjì ti yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, ohun kan náà ni wọ́n sọ."

Kílẹ̀ tó ṣú, Àǹtí mi ní Ìyàrà ti gbọ́, ni wọ́n bá fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́, pé ọkàn àwọn ò kúkú gba ọjọ́ yẹn látijọ́, ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ká sún un síwájú. Ẹ̀mí kọ́ o jàre, télọ̀ wọn ò tíì gé aṣọ ni! Android làwọn gan-an ń lò, ọjọ́ hàn rekete lórí fóònù tiwọn.

Mi ò sùn. Aago méjì òru ni mo tó rí i: "2019-12-28 10:00" ni mo kọ sínú fáìlì. Àlàfo àárín yẹn, Chrome máa ń fojú fò ó, Safari ìgbà yẹn ní òun ò gbà, àfi kí lẹ́tà T wà níbẹ̀. T kan ṣoṣo! Ilẹ̀ mọ́, mo pe Bàbá pé ara ọjọ́ ti yá.

"Oògùn wo lo fún un?"

"T ni, sà."

"Tíì wo? Onímílíìkì?"

Lọ́jọ́ ìdána, Àǹtí ló ń pín ẹran. Egungun lásán ni wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán mi, wọ́n ní ẹran ń ṣàìsàn.