Iná Gbé Mi, Olúwa Gbà Mí

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ká ní ikú rí tirẹ̀ ṣe ni, àwọn kan nínú yín ì bá ti lọ ra aṣọ ìsìnkú mi ní Gbági. Orí mi kọ̀ ọ́, Ọlọ́run mi kò gbà fún un. Mo wà láyè, mò ń jẹ iyán, mo sì ń bá ìyàwó mi jiyàn lórí owó iná bíi ti àtijọ́.

Oríṣiríṣi ìtàn ni mo ti gbọ́ nípa ara mi láti ìgbà tí mo ti padà sílé. Àwọn kan ní àrá ló sán lù mí nítorí irin gíga tó wà lórí òrùlé mi. Ẹ jọ̀ọ́, irin yẹn kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹnjiníà iná ni mí. Tiransifọ́mà ni mò ń gbé kalẹ̀, òun náà ni mò ń tún ṣe, kárí Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo tún ní iṣẹ́ mìíràn tí kò mú kọ́bọ̀ wálé: ham radio. Rédíò tí mo fi ń bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ ni, láìsí SIM, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí òpó ilé iṣẹ́ fóònù kankan láàárín wa. Ìgbì rédíò á gbéra láti orí wáyà tí mo ta sí irin òrùlé yẹn, á lọ kan ibi tí oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún di ohun tó ń tẹ ìgbì bọ̀ wálẹ̀, ionosphere ni wọ́n ń pe ibẹ̀, á wá sọ̀ sí ìlú onílùú. Megahertz ni a fi ń ka bí ìgbì ṣe ń yára gbọ̀n tó. Lọ́sàn-án, ìgbì 14 megahertz ló máa ń rìn jìnnà. Tílẹ̀ bá ti ṣú, 7 megahertz ló kù. 100 watt ni rédíò mi fi ń sọ̀rọ̀, iye tí gúlóòbù ayé àtijọ́ ń jẹ, mo sì ti fi bá ará Japan àti Brazil kí ara wa. Orúkọ àwa ará Nàìjíríà lórí afẹ́fẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, àwa tá à ń jẹ́ ẹ kò sì pọ̀. Tí 5N bá ti dún báyìí, ńṣe ni wọ́n máa ń rọ́ lù ú. "Rédíò tí kì í kọrin" ni ìyàwó mi ń pè é. Bàbá onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tiẹ̀ ti bi í rí bóyá àwọn ayé ni mò ń bá ṣèpàdé lóru.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fìúùsì tiransifọ́mà àdúgbò kan ni wọ́n pè wá sí. Wọ́n ti pa iná wáyà ńlá náà láti ọ̀hún. Mo gun òkè, mo fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí iná. Ọmọṣẹ́ mi ń na wáyà áàsì sí mi kí n fi há a, kó lè jẹ́ pé bí iná bá dé lójijì, ilẹ̀ ni yóò gbà lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan ládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ rèé: tiransifọ́mà kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. 11,000 volt ló ń sọ di 415 kó tó wọ àdúgbò. Bí iná jẹnẹrétọ̀ bá gba inú wáyà ilé jáde sí òpó, nítorí pé kò sí change-over tó yà wọ́n, tiransifọ́mà kan náà á gbé e padà sókè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù lè pa ẹni tó wà lórí òpó. Ẹni tó ni í ti wá bẹ̀ mí. Mo ti gbà, ó sì ti ra change-over.

Èmi ò gbọ́ ìró kankan o. Ìmọ́lẹ̀ ni mo rí, ó parí. Ẹnu ọmọṣẹ́ mi ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó ní bẹ́líìtì ló gbé mi rọ̀. Àwọn èèyàn ń sáré bọ̀ wá fà mí sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí wọn lọ́nà, ó ń pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o! Ẹ ó bá wọn lọ!" Bọ̀dá kan tiẹ̀ gbá a létí, ó ní ìkà ọmọ ni. Kò yẹsẹ̀. Ibi tí mo ti rí ọwọ́ Olúwa nìyí: odindi àdúgbò ni jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn kó lérí láìmọ̀. Ẹrù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó wúkọ́, ó kú. Ká ní ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, n kì bá sí níbí. Nígbà tí ìró rẹ̀ dákẹ́, ọmọ yẹn kò tíì sáré sí mi. Ó há wáyà áàsì náà ná. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mí láyà, tó ń kà á sókè, 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan bí mo ṣe kọ́ ọ. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún!

Micra ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Egbò kékeré ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, òmíràn lẹ́sẹ̀ òsì; ẹni tí kò mọ̀ á ní kò le. Àwọn dókítà mọ̀ pé inú ni irú iná bẹ́ẹ̀ ti ń jó ẹran ara. Ẹran tó bá ti kú á da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Ìtọ̀ mi dúdú bí omi àgbo. Wọ́n ń fa omi sí mi lára láìdáwọ́ dúró, nọ́ọ̀sì kan sì ń gbé àpò ìtọ̀ sójú ìmọ́lẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ìyàwó mi ní òun kò gbàdúrà owó rí bí òun ṣe gbàdúrà ìtọ̀. Òwúrọ̀ tí ìtọ̀ náà mọ́, ijó ni òun àti nọ́ọ̀sì yẹn jó láàárín wọ́ọ̀dù. Wọ́n la apá mi kó má bàa wú pa ara rẹ̀, wọ́n gé ìka méjì, wọ́n ré awọ itan mi fi lẹ ojú egbò. Mo dúpẹ́ pé ìka ni.

Ṣùgbọ́n ìka tí mo fi ń tẹ Morse ni wọ́n. Ohùn kúkurú àti ohùn gígùn tó ń dúró fún lẹ́tà ni Morse, èyí tí Marconi fi gba lẹ́tà S, dí-dí-dí, kọjá òkun Atlantic ní December 1901. Bí oorun bá ti kọ̀ lóru, mo máa ń fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ lára irin bẹ́ẹ̀dì. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì lọ pe nọ́ọ̀sì pé gìrì ti ń mú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ham radio gbọ́, wọ́n dáwó sí owó ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé kíì, ohun tí a fi ń tẹ Morse, ti ọlọ́wọ́ òsì wá fún mi. Nígbà tí mo padà sórí afẹ́fẹ́, ará Brazil kan ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ọwọ́ mi ń kọsẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó kàn fà tirẹ̀ sẹ́yìn títí a fi jọ ń rìn, ó wá fi 73 kí mi, bí a ṣe máa ń kí ara wa pé ó dàbọ̀.

Ìdúpẹ́ náà yóò wáyé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìwàásù. Kò sí aṣọ ẹbí, ẹ wọ ohun tó bá wù yín. Ọmọṣẹ́ mi ni yóò jókòó síwájú pátápátá, àwọn òbí rẹ̀ lápá ọ̀tún, lápá òsì. Bọ̀dá tó gbá a létí náà ń bọ̀. Ó ní òun ni yóò ra ẹran ọjọ́ náà, kí a má dá sí i.