Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ Ń Mì

Ọjọ́ kẹrìnlá tí a ti wà lórí omi ni bọ̀ọ́dá mi sọ pé ká sùn sí Ẹ̀pẹ́, pé ọ̀la la ó wọ Èbúté Èrò l'Ékòó. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi obìnrin. Òwú àwọ̀n àti òjé la kó jáde l'Ékòó, tí a ń tà á fún àwọn apẹja kiri. A dé Mákún Omi, a dé Atíjẹ́rẹ́, a kan Ìgbókòdá, a sì fi ẹní àti ẹja gbígbẹ kún ọkọ̀ bọ̀. Orí ẹní ọjà yẹn náà ni mò ń sùn. Òórùn ẹja ti wọ inú irun mi.

Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, ilẹ̀ yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo sáré di òpó mú. Ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá wò mí tìyanu-tìyanu.

"Àǹtí, láàárọ̀ kùtù yìí náà?"

"Ọ̀sà ló ń pa á, màmá," ni bọ̀ọ́dá mi wí, "kì í ṣe ọtí."

Mo wẹ̀. Omi kànga, garawa méjì, ọṣẹ dúdú. Ẹni tó bá ti fi omi ọ̀sà wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì rí, kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún un.

Lẹ́yìn náà, ọjà Olúwo. Bọ̀ọ́dá ní orí mi ò pé, pé ẹja kún ọkọ̀, mo tún ń lọ wo ẹja. Ẹja tútù ni mo fẹ́ rí, èyí tó ṣì ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú abọ́. Àrọ̀ wà, ọ̀bọ̀kún wà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń bá àwọn oníbàárà ha ìpẹ́ ni mo dúró sí. Ó fi ọwọ́ òsì di ìrù epìyà mú, ó ń fa ọ̀bẹ lọ sí orí, ṣẹrẹrẹ, ìpẹ́ ń ta sí i lójú, kò sẹ́jú. Ó la ikùn, ó ki ìka kan bọ̀ ọ́, gbogbo ìfun tẹ̀lé ìka náà jáde, òróòro ò bẹ́. Gbogbo ìgbà yẹn, ó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàròyé lórí owó àjọ. Mo ka epìyà mọ́kànlá kí n tó mu omi mi tán.

Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

"Háà, ọmọ wa ni!" Ó ju epìyà méjì sínú ọ̀rá mi.

Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ìgbà kan, ni mo jẹ ní gbèsè. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá fi ṣe ilé. Ní 1862 ló padà, ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó sí l'Ékòó ló di Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó lo bí ọdún mẹ́wàá níhìn-ín. Èmi, ọjọ́ kan péré, mo ti gba epìyà méjì.

Ọ̀sán, ìkọ́kọrẹ́ tútù pẹ̀lú ẹ̀bà gbígbóná. Bọ̀ọ́dá ní kí wọ́n gbé tirẹ̀ kaná. Mi ò bá a jiyàn, ẹni tí kò mọ adùn ni. Ọmọ iṣẹ́ wa ń tú ewéko tó wé mọ́ ẹ́ńjìnì, ewéko olódòdó àlùkò tó gba odò Badagry wọ ilẹ̀ wa ní 1984, tí kò sì lọ mọ́. Èmi sùn. Mo jí, mo tún sùn.

Alẹ́ ló yọ mí lẹ́nu. Yàrá dáa, ibùsùn dáa, ṣùgbọ́n ibùsùn yẹn kò mì. Mo yí síbí, mo yí sọ́hùn-ún. Nígbà tó di aago méjì, mo gbé ìrọ̀rí, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi.

Bọ̀ọ́dá mi, tó ti sanwó yàrá tirẹ̀, ti na gbalaja sórí ẹní nínú ọkọ̀, ó ń hanrun. Mo na ẹní tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wa gbórí sókè nínú òkùnkùn.

"Àǹtí, ẹ sún díẹ̀. Ó máa gbá yín nípàá."