Kì í ṣe oyè ló pa Ààrẹ

Alẹ́ July 7, 1998 ni, ọjọ́ Tuesday, Brazil àti Holland fẹ́ gbá sẹmi-fáínà World Cup, gbogbo àdúgbò wa n'Ísàlẹ̀-Ọ̀yọ́ sì ti rọ́ lọ sílé ọ̀gá kan tó ní jẹnẹrétọ̀. Àwa ọmọdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn àgbà gba àga. Denmark ti na Super Eagles 4-1, wọ́n ti dá wọn padà sílé, a ò tiẹ̀ lẹ́ni tí à ń tì lẹ́yìn mọ́, ariwo lásán la bá lọ. Bàbá kan tí rédíò kì í kúrò létí wọn ló wọlé, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ní, "Wọ́n ti pa Abíọ́lá." Ẹnì kan ní háà, Bàbá, ẹ má fẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá yí rédíò sókè. Ọ̀gá dìde, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Pé Brazil fi pẹ́nárítì wọ fáínà, ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́.

Níbòmíì, ẹni tí wọ́n dìbò fún ní June 12, 1993 tí Babangida fagi lé ìbò ẹ̀ ni MKO. Lọ́dọ̀ tiwa ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ló fi jẹ ẹ́ lọ́dún 1988, màmá mi wà lára àwọn tó lọ wòran, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ ṣì wà nínú àpótí wọn. Nígbà tí mo sáré délé sọ fún wọn, "Ààrẹ o! Ààrẹ!" ni wọ́n ń ké. Bẹ́ẹ̀ a ti ń retí ẹ̀ nílé o, Abacha kú ní June 8, wọ́n tú Ọbásanjọ́ sílẹ̀, bàbá mi tí wọ́n máa ń tilẹ̀kùn gbọ́ Radio Kudirat, rédíò àwọn tó ń bá Abacha jà (orúkọ ìyàwó MKO tí wọ́n yìnbọn pa l'Ékòó lọ́dún 1996 ni wọ́n fi sọ ọ́) ti wá ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú ní gbangba, wọ́n ní ọ̀la, ọ̀tunla, MKO á jáde látìmọ́lé.

Ọjọ́ kejì ló wá le. Ìbàdàn gbóná, Èkó gbóná, Abẹ́òkúta náà, táyà ń jó lójú títì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn nígbà yẹn, kò sí fóònù alágbèéká kankan tá a lè fi pè é, bàbá mi bá lọ dúró s'Ówódé láti àárọ̀, gbogbo mọ́tò tó bá ti Ìbàdàn dé ni wọ́n ń sáré tọ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Mọ́kọ́lá, títí mọ́tò ò fi wá mọ́. L'Ákẹ̀sán, ẹni tó pàtẹ tún kó o wọlé. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà wọlé, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Mọ́níyà kó tó rí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá pọ̀. Wọ́n ní tíì tó mu lọ́dọ̀ àwọn àlejò Amẹ́ríkà, Thomas Pickering àti Susan Rice, ló pa á. Àwọn dókítà òyìnbó tó yẹ òkú wò ní àìsàn ọkàn ni, ẹ lọ sọ ìyẹn fún ará Ọ̀yọ́! Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò gbà títí dòní ni tàwọn àgbà tó ní oyè ló pa á. Kakaǹfò kì í kú ikú ire, wọ́n á ka Àfọ̀njá, wọ́n á ka Kúrunmí, wọ́n á dé orí Akíntọ́lá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́jà pa ní January 1966, wọ́n á wá mirí. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú o, ṣé oyè ló ní kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé lóun nìkan fọ́dún mẹ́rin, Bíbélì àti Kùránì nìkan ló ń rí kà? Kofi Annan, akọ̀wé àgbà UN ìgbà yẹn, lọ rí i nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó kú, MKO ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń béèrè pé ará Íjíbítì yẹn ńkọ́, ìyẹn Boutros-Ghali tó ti kúrò nípò láti ìparí 1996. Ẹni tó dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀! Ọ̀rọ̀ oyè yẹn, àwọn tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ló ń gbè.

2018 ni Buhari tó sọ June 12 di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, tó fún MKO ní GCFR, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù ní Nàìjíríà, ó pẹ́ jù lójú tèmi. January ọdún yẹn kan náà, a wà ní pápá Durbar níbi tí Aláàfin ti fi Gàní Adams jẹ Kakaǹfò tuntun, èrò pọ̀ débi pé a ò rí nǹkan. Ọmọkùnrin kan tó dúró tì mí bẹ̀rẹ̀, Àfọ̀njá, Kúrunmí, Akíntọ́lá, ó ní MKO náà ńkọ́. Mo bi í pé ta ló ti MKO mọ́lé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wòran jàre."